Ìgbésí Ayé Bob Marley, Olórin Ilẹ̀ Jàmáíkà

Bí a bá dárúkọ Bob Marley ní ìlú Ọ̀fà, ó ṣòro kí a tó rí ọ̀dọ́ tí yóò bèèrè ẹni tí í ṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá bèèrè ohun tí ó pa á, ẹnu kì í kò. Àwọn kan a ní ìbọn ni, àwọn mìíràn a ní bọ́ọ̀lù ni. Ti ìbọn kì í ṣe òótọ́ rárá; ti bọ́ọ̀lù sì gba àlàyé.

Ní ọjọ́ 6, oṣù kejì, ọdún 1945 ni wọ́n bí i ní abúlé Nine Mile ní Jàmáíkà. Aláwọ̀ funfun ni Norval bàbá rẹ̀, adúláwọ̀ sì ni Cedella ìyá rẹ̀. Ìyá yìí ló tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tí wọ́n kó lọ sí Trench Town, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní Kingston, Bob kọ́ iṣẹ́ jórinjórin díẹ̀, ṣùgbọ́n orin gbà á lọ́wọ́ iṣẹ́ náà. Ní 1963, òun àti Peter Tosh pẹ̀lú Bunny Livingston dá ẹgbẹ́ Wailers sílẹ̀. Ó gbé Rita níyàwó ní 1966. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí orin rẹ́gè rẹ̀ fi kàn ká ayé. Ní oṣù kejìlá ọdún 1976, àwọn agbébọn ká a mọ́ ilé, ìbọn bà á ní apá, ó sì ha á láyà, ṣùgbọ́n kò kú. Ó kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù.

Lẹ́yìn orin, bọ́ọ̀lù ló fẹ́ràn jù. Ní 1977 ó fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣèṣe lórí pápá, egbò náà kò sì san. Àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé jẹjẹrẹ awọ ara tí à ń pè ní mẹlanómà ló wà lábẹ́ èékánná. Oríṣi tirẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná ni í máa ń gbé. Oòrùn ló sábà máa ń fa mẹlanómà àwọn òyìnbó, ṣùgbọ́n oríṣi yìí kò dúró de oòrùn, nítorí náà awọ dúdú kì í ṣe ààbò fún ẹnikẹ́ni. Ó dà bí ẹni pé bọ́ọ̀lù kọ́ ló dá àrùn náà sílẹ̀. Òun ló jẹ́ kí wọ́n rí i.

Ní ìlú oníjàkadì bí Ọ̀fà, èékánná tó dúdú kì í ya ènìyàn lẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ tó dì sábẹ́ èékánná nítorí ìfarapa a máa bá èékánná sún síwájú títí a ó fi gé e dànù. Dúdú ti mẹlanómà kì í kúrò bẹ́ẹ̀. Ṣe ni í máa fẹ̀ sí i, nígbà mìíràn a sì tàn dé awọ ẹ̀gbẹ́ èékánná.

Àwọn dókítà ní kí wọ́n gé ọmọ ìka náà. Marley kọ̀. Ẹlẹ́sìn Rasta ni, ìgbàgbọ́ wọn sì ni pé kí ara wà lódindi; bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ ló fi ń jó, òun náà ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Ní Miami ni wọ́n ti yọ èékánná àti ẹran abẹ́ rẹ̀, wọ́n sì bu awọ itan rẹ̀ bò ó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dá a lẹ́bi títí di òní. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ọdún 1976 ni dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Richard Reed, ṣẹ̀ṣẹ̀ fún oríṣi mẹlanómà yìí ní orúkọ tirẹ̀. Bí àrùn bá sì ti fò kúrò ní ìka kí a tó gbé ọ̀bẹ, gígé ìka kò lè pè é padà.

Bí ó ti jìn wọ inú awọ tó ni dókítà fi ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí. Èyí tí kò tó mìlímítà kan, ọ̀pọ̀ aláìsàn ń là á já. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2009 lórí aláìsàn 1,413, bí 80 nínú 100 ni àrùn náà kò tí ì pa lẹ́yìn ọdún 5. Lẹ́yìn ọdún 10, ó kù bí 68. Ti gbogbo mẹlanómà awọ lápapọ̀ jẹ́ 91 àti 88. Ara ohun tó fa ìyàtọ̀ náà ni pé a kì í tètè wo abẹ́ ẹsẹ̀.

Ọdún mẹ́rin péré ni Marley rí, kò sì fi wọ́n jókòó. Ní oṣù kẹrin ọdún 1980, ó kọrin níbi ayẹyẹ òmìnira Zimbabwe. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ó ń sáré ní Central Park ní New York nígbà tí ó ṣubú lulẹ̀. Àyẹ̀wò fi hàn pé jẹjẹrẹ ti dé ọpọlọ. Síbẹ̀ ó kọrin ní Pittsburgh ní ọjọ́ 23 oṣù yẹn, èyí tí ó jẹ́ àṣekẹ́yìn rẹ̀. Ó lọ sọ́dọ̀ dókítà Josef Issels ní Jámánì, ó sì lo oṣù mélòó kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwòsàn kò sí. Nígbà náà, kò sí oògùn tó lágbára lórí mẹlanómà tó ti tàn kálẹ̀. Láti 2011 ni àwọn oògùn tí ń ta àwọn ọmọ ogun ara jí bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, oríṣi ti abẹ́ èékánná kò sì tíì gbọ́ tiwọn tó ti àwọn yòókù.

Ó ń padà sílé ni ara rẹ̀ kò gbé e mọ́, ó sì kú sí Miami ní ọjọ́ 11, oṣù karùn-ún, ọdún 1981, lẹ́ni ọdún 36. Ìjọba Jàmáíkà ṣe ẹ̀yẹ ìsìnkú fún un, wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ lọ sin sí Nine Mile, níbi tí wọ́n ti bí i.