Kocher, oníṣẹ́ abẹ tó ń yọ gẹ̀gẹ̀, àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ TSH

Kò sí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ, ì báà jẹ́ ní Korle Bu tàbí ní UCH Ìbàdàn, tí kò mọ irin kan tí wọ́n ń pè ní Kocher. Irin náà ní eyín lẹ́nu, òun ni a fi ń di nǹkan mú ṣinṣin. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń dárúkọ yẹn lójoojúmọ́ láì rántí pé orúkọ èèyàn ni. Ìtàn ọkùnrin náà ni mo fẹ́ sọ lónìí, torí pé bí ẹ bá gbọ́ ọ, ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n kọ TSH àti T4 sí kò ní rú yín lójú mọ́.

Ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 1841 ni wọ́n bí Emil Theodor Kocher ní ìlú Bern, lórílẹ̀-èdè Switzerland. Ibẹ̀ ló ti kẹ́kọ̀ọ́ dókítà, ó lọ kọ́ṣẹ́ sí i ní Berlin, London àti Paris, ó sì padà wálé. Ní ọdún 1872 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ abẹ, kò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Bern náà ló wà títí ó fi kú ní ọdún 1917.

Orí òkè ni ìlú àwọn Kocher, gẹ̀gẹ̀ sì pọ̀ níbẹ̀ gan-an. Ilẹ̀ wọn kò ní èròjà iodine tó, iodine yìí sì ni ẹran kékeré tó rí bíi labalábá níwájú ọrùn, èyí tí à ń pè ní thyroid, fi ń ṣe họ́mónù rẹ̀. Bí iodine bá wọ́n, thyroid á máa wú. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà ní ìhà àríwá Ghana náà, ìdí nìyẹn tí ìjọba Ghana fi ṣòfin ní ọdún 1996 pé kí wọ́n máa fi iodine sí iyọ̀.

Láyé ìgbà náà, ẹ̀rù ni iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ ń ba àwọn dókítà, torí ẹ̀jẹ̀ tó máa ń dà. Nígbà tí Kocher bẹ̀rẹ̀, bíi mẹ́tàlá nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn ló ń kú. Ọkùnrin yìí kì í kánjú. Ó ń di iṣan ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó tó gé e, ó sì mú ìmọ́tótó ní dandan. Nígbà tó fi máa dàgbà, ó ti ṣe iṣẹ́ abẹ yìí ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún lọ, ẹni tó ń kú kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún mọ́. Krupskaya, ìyàwó Lenin ará Rọ́ṣíà, wà lára àwọn tó ṣe é fún, ní ọdún 1913.

Àmọ́ nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tí kò mọ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1874, ó yọ gbogbo thyroid ọmọbìnrin ọmọ ọdún mọ́kànlá kan. Egbò jinná, ọmọ lọ sílé. Kò pẹ́ tí dókítà ìlú ọmọ náà fi kíyè sí i pé ó ti yí padà pátápátá. Ní ọdún 1882 ni Reverdin, oníṣẹ́ abẹ kan ní Geneva, tún sọ fún Kocher pé òun ń rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lára àwọn aláìsàn tòun. Ni Kocher bá ránṣẹ́ pe àwọn tó ti yọ gbogbo thyroid wọn. Méjìdínlógún ló yọjú, méjì péré ni ara wọn dá. Ojú àwọn yòókù wú, awọ ara wọn gbẹ, òtútù ń mú wọn, ọ̀rọ̀ ń falẹ̀ lẹ́nu wọn. Àwọn ọmọdé inú wọn ò ga mọ́, ọpọlọ wọn ò sì jí pépé. Àbúrò ọmọbìnrin yẹn ti ga jù ú lọ.

Ní ọdún 1883 ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Berlin, ó sì jáwọ́ nínú yíyọ gbogbo rẹ̀. Àlàyé tó ṣe nípa ohun tó fà á kò tọ̀nà, ó rò pé ọ̀nà èémí ni. Ohun tó wú mi lórí ni pé ó ránṣẹ́ pè wọ́n. Ní ọdún 1909 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel, òun sì ni oníṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ tó gbà á.

Ní ọdún 1891, dókítà Murray ní Newcastle fi omi inú thyroid àgùntàn tọ́jú obìnrin kan tí tirẹ̀ ti kú, obìnrin náà sì lo ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n sí i láyé. Oògùn oníhóró tí à ń pè ní levothyroxine ló gbapò àgùntàn lónìí.

Ojú lásán ni Kocher fi ń wo aláìsàn. Àwa ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. T4 ni họ́mónù tí thyroid fúnra rẹ̀ ń ṣe. TSH ń ti abẹ́ ọpọlọ wá, ẹ mú un bí ohùn ọ̀gá tó ń pe ọmọ iṣẹ́. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ń ṣọ̀lẹ, ọ̀gá á pariwo: TSH á ga, T4 á lọ sílẹ̀. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ń ṣe ju bó ṣe yẹ lọ, ọ̀gá á dákẹ́: TSH á fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, T4 á ga. Fún àgbàlagbà, TSH máa ń wà láàárín nǹkan bíi 0.4 sí 4, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tí láàbù yín tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì ni kí ẹ wò. Ti aláboyún yàtọ̀, ti ìkókó sì yàtọ̀ gan-an. Bí ẹ bá ń lo biotin fún irun tàbí èékánná, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀, torí ó lè da èsì rú.

Ìkókó gan-an ló mú mi kọ èyí. Kárí ayé, bí ọmọ kan nínú ẹgbẹ̀rún méjì sí mẹ́rin ni thyroid rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ ìbí, ti àwọn mìíràn kò tiẹ̀ sí rárá. Bí ọmọbìnrin Kocher ni wọ́n rí, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò fọ̀bẹ kàn wọ́n. Họ́mónù ìyá ló gbé wọn ró nínú oyún, torí náà ọmọ á dà bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti gìgísẹ̀, ní ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún, ló ń tú àṣírí rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, TSH gbogbo ọmọ ló máa ń ga, kí ìyẹn má dẹ́rù bà yín.

Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa kì í ṣe é fún gbogbo ọmọ. Ẹ béèrè. Ní Sabon Zongo, níbi tí Hausa àti Yorùbá ti jọ ń sọ ọmọ lórúkọ ní ọjọ́ keje, mo máa ń fẹ́ kí èsì ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó dúńbú àgbò, torí pé bí oògùn bá bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ọpọlọ rẹ̀ sábà máa ń dàgbà dáadáa. Ọmọ tí ara rẹ̀ pọ́n ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tó ń sùn ṣáá, tí kò mu ọmú dáadáa, tí igbe rẹ̀ há, tí kì í yàgbẹ́ déédéé, tí ahọ́n rẹ̀ tóbi tàbí tí ìdodo rẹ̀ yọ síta, ẹ má ṣe sọ pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò TSH àti T4 lọ́jọ́ náà.

Bí wọ́n bá kọ oògùn fún un, ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ pò ó mọ́ omi tàbí wàrà ọmú díẹ̀, kì í ṣe mọ́ ìgò oúnjẹ odidi. Ẹ má fún un pọ̀ mọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin, kálísíọ̀mù tàbí wàrà sóyà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì wọ́n á tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò. Fún àgbàlagbà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni, nítorí TSH kì í tètè sọ̀kalẹ̀. Ẹ mú ìwé èsì àtijọ́ dání.