Bándélé ọmọ Àreògún: Ó Fi Igi Túmọ̀ Bíbélì

Ní pálọ̀ wa ní Agége, kàlẹ́ńdà kan wà tó ní àwòrán Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn tí Leonardo da Vinci yà. Irú rẹ̀ pọ̀ nílé onílé láti ibí dé Ìkẹjà. Ara ògiri yàrá ìjẹun àwọn mọ́ńkì ní Milan ni Leonardo kùn ún sí, láàárín 1495 sí 1498. Ojú àwọn ará Ítálì ló fún àwọn àpọ́sítélì, ó sì jókòó wọn sídìí tábìlì gíga. Láyé Jésù, ńṣe làwọn Júù máa ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ jẹun níbi àsè. Leonardo túmọ̀ ìtàn náà sí ti ilé rẹ̀ ni.

Ẹnì kan ṣe irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa. George Bándélé lorúkọ rẹ̀, agbẹ́gilére ni.

Ọmọ Òsì ni, ní ìpínlẹ̀ Kwárà òde òní. Àreògún ni bàbá rẹ̀, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká agbẹ́gilére tó kú ní 1954. Ìnagijẹ ni Àreògún: ẹni tó fi irin iṣẹ́ Ògún rówó, tó sì ń ná an fàlàlà. Síbẹ̀, Oṣamuko, ọmọ-iṣẹ́ bàbá náà, ló kọ́ Bándélé níṣẹ́. Ọpọ́n Ifá, ilẹ̀kùn àti ère Ẹ̀pà ni iṣẹ́ ìdílé wọn.

Ní 1947, àwọn Fadá Kátólíìkì ẹgbẹ́ SMA dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì. Fadá Kevin Carroll ló ń bójú tó o, Bándélé sì di ọ̀gá agbẹ́gilére níbẹ̀. Wọn kò ní kó ṣe àdàkọ ère òyìnbó. Ìtàn Bíbélì ni wọ́n fún un. Ojú, aṣọ àti ìdúró wá di ti Yorùbá.

Ẹ wo ìbí Jésù. Bíbélì Yorùbá pe àwọn àlejò láti ìlà-oòrùn ní amòye. Ní Ọyẹ́, wọ́n di ọba Yorùbá tó gbé ẹ̀bùn dání. Gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, ibi tí mo ti kanlẹ̀ ronú nìyí. Nílẹ̀ wa, ọba ni wọ́n ń gbé ẹ̀bùn wá bá. Bí ọba bá wá gbé ẹ̀bùn lọ bá ìkókó, àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé á ti mọ̀ pé ọmọ náà ju ọba lọ. Ọ̀rọ̀ náà, amòye, kò sọ ìyẹn fún un.

Kì í ṣe gbogbo Kristẹni ló fara mọ́ ọn. Ọwọ́ tó ń gbẹ́ ère òrìṣà ló ń gbẹ́ ti Jésù, ìyẹn sì ń kọ àwọn kan lóminú. Ilé iṣẹ́ náà kógbá wọlé ní 1954. Ṣùgbọ́n Làmídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá-Ọ̀ràngún, Mùsùlùmí tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé, bá iṣẹ́ náà lọ lẹ́yìn náà. Òun ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn Kátólíìkì Yunifásítì Ìbàdàn. Bándélé kú ní 1995.

Mo ṣì fẹ́ràn kàlẹ́ńdà wa. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fẹ́ gbẹ́ ìtàn ìbí Jésù ní Agége lónìí, ta ni yóò fi ṣe àwọn olùṣọ́-àgùntàn tó ń ṣọ́nà lóru? Lójú tèmi, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ Ìkẹjà ni.