Friedrich Fröbel

Friedrich Wilhelm August Fröbel (ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ọdún 1782 – ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1852) jẹ́ olùkọ́ àti onímọ̀ ètò-ẹ̀kọ́ ọmọ ilẹ̀ Jámánì. Òun ni ó dá irú ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé tí a mọ̀ sí Kindergarten sílẹ̀. Òun náà ni ó ṣètò àwọn igi ìkọ́lé kéékèèké tí olùkọ́ fi ń jẹ́ kí ọmọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa fífi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó bá pa ìwé dé ní ọ̀sán, tí ó kó igi, páálí tàbí amọ̀ síwájú àwọn ọmọ tí ó ti rẹ̀, ń rìn ní ojú ọ̀nà tí Fröbel là.

Ìgbà èwe àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

Oberweißbach, ní agbègbè Thuringia, ni a bí i sí. Àlùfáà ìjọ Luther ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kú kí ó tó pé ọmọ ọdún kan, ìyàwó tí bàbá rẹ̀ sì fẹ́ lẹ́yìn náà kò náání rẹ̀ mọ́ nígbà tí òun fúnra rẹ̀ bí ọmọ. Iṣẹ́ ìjọ kò jẹ́ kí bàbá ráyè, nítorí náà ọgbà àti igbó ni ọmọ náà fi ṣe ẹlẹgbẹ́. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 10, arákùnrin ìyá rẹ̀ tí ń gbé ní Stadtilm mú un sọ́dọ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ aṣọ́gbó láti ọmọ ọdún 15, ó wọ Yunifásítì Jena ní ọdún 1799, gbèsè sì sọ ọ́ sí àtìmọ́lé yunifásítì náà fún ọ̀sẹ̀ 9.

Ní ọdún 1805 ó dé Frankfurt pẹ̀lú èrò láti di ayàwòrán-ilé, ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀ rọ̀ ọ́ kí ó wá ṣe olùkọ́, kò sì wẹ̀yìn mọ́. Ó lọ wo Pestalozzi ní Yverdon, ní ilẹ̀ Switzerland, lọ́dún náà. Láti 1808 sí 1810 ó tún padà lọ gbé níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta tí ó ń kọ́ nílé. Lẹ́yìn èyí ni ó lọ sí Göttingen àti Berlin, níbi tí ó ti kọ́ nípa òkúta kírísítálì lọ́dọ̀ Christian Samuel Weiss. Ẹni tí ó bá wo àwọn igi tí ó gé lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, bí igun wọn ti dọ́gba tó, yóò gbà pé ẹ̀kọ́ òkúta yìí kò ṣòfò. Ó jagun pẹ̀lú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Lützow ní ọdún 1813. Nínú ogun náà ni ó ti bá Wilhelm Middendorff àti Heinrich Langethal pàdé, àwọn tí wọ́n bá a ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ogun.

Keilhau

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan kú ní àsìkò ogun, opó rẹ̀ sì bẹ Fröbel kí ó tọ́jú ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ. Báyìí ni ó ṣe dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Griesheim ní ọdún 1816 pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ márùn-ún péré, tí ó sì gbé e lọ sí Keilhau ní ọdún 1817. Níbẹ̀ ni ó ti kọ ìwé rẹ̀ lórí ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ènìyàn, èyí tí ó jáde ní ọdún 1826.

Àwọn ọmọ ọjọ́ orí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà lára àwọn tí ìwé náà sọ̀rọ̀ nípa wọn, ó sì yẹ kí a dúró díẹ̀ síbẹ̀. Fröbel kò gbà pé ọ̀lẹ ni ọmọ tí ó ń sùn lórí ìwé. Ó ní ẹ̀kọ́ ilé àti ti ilé-ìwé ìgbà náà gan-an ni ó ń sọ ọmọ di ọ̀lẹ, nítorí wọ́n fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ láìníṣẹ́. Ó dábàá pé kí gbogbo ọmọ, ìbáà ṣe ti olówó tàbí ti tálákà, máa fi wákàtí kan tàbí méjì lójúmọ́ ṣe ohun kan tí a lè fi ojú rí. Ó tilẹ̀ sọ irú igi tí olùkọ́ yóò gé: kí ìdí igi kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínǹṣì kan níbùú lóròó, kí gígùn wọn sì máa lọ láti ínǹṣì 1 títí dé 12. Igi ínǹṣì 1 yóò bá ti 11 mu, ti 2 yóò bá ti 10 mu, débi pé ọmọ tí ó ń kó wọn padà sínú àpótí ti ń ṣe ìṣirò láìmọ̀. Ó ṣàpèjúwe àwọn ọmọkùnrin tí olúkúlùkù kọ́kọ́ dá kọ́ tirẹ̀, kí wọ́n tó so iṣẹ́ wọn pọ̀.

Ìjọba fura sí Keilhau pé wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀tẹ̀ níbẹ̀. Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ wọn kúrò. Ilé-ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti lé ní 50 wá ṣẹ́ku márùn-ún ní ọdún 1829. Fröbel kọjá sí ilẹ̀ Switzerland ní ọdún 1831, ó sì ṣe alábòójútó ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí ní Burgdorf kí ó tó padà wálé.

Kindergarten àti àwọn ẹ̀bùn

Ní ọdún 1837 ó ṣí ibi eré àti iṣẹ́ ọwọ́ fún àwọn ọmọ kéékèèké ní Bad Blankenburg. Ọdún 1840 ni ó sọ irú ibẹ̀ ní Kindergarten, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọgbà àwọn ọmọdé. Àwọn ọmọ ń ro oko tiwọn níbẹ̀ ní tòótọ́. (Jẹ́lé-ó-sinmi ni Yorùbá ń pe irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀: ìsinmi ilé àti ti òbí ni orúkọ wa tọ́ka sí, ti Fröbel sì tọ́ka sí ọmọ bí ohun ọ̀gbìn.)

Ẹ̀bùn ni ó pe àwọn ohun ìṣeré tí ó ṣètò. Ẹ̀kíní ni bọ́ọ̀lù òwú mẹ́fà aláwọ̀ oríṣiríṣi. Ẹ̀kejì ni igi mẹ́ta: ọ̀kan rí bí bọ́ọ̀lù, ọ̀kan bí agolo, ọ̀kan bí dáìsì lúdò. Ẹ̀kẹta ni dáìsì oní-ínǹṣì 2 tí a gé sí dáìsì kéékèèké 8. Ẹ̀kẹrin náà jẹ́ ege 8, ṣùgbọ́n wọ́n rí bí bíríkì. Ẹ̀karùn-ún àti ẹ̀kẹfà ní ege púpọ̀ sí i. Ti ẹ̀karùn-ún jẹ́ 39. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, àwọn ọmọ ń ká bébà, wọ́n ń hun ún, wọ́n ń mọ amọ̀, wọ́n sì ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gún ẹ̀wà tí a ti rẹ sínú omi láti kọ́ ilé. Bí ẹ̀wà náà bá gbẹ, ilé náà á le.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí. Ọmọ yóò dojú àpótí dé orí tábìlì tí a fa ìlà sí, yóò fa ìdérí rẹ̀ yọ, yóò sì gbé àpótí sókè jẹ́jẹ́, kí ó lè kọ́kọ́ rí igi náà lódindi kí ó tó tú u. Gbogbo ege ni yóò lò. Bí ó bá kọ́ àga tán tí ó sì fẹ́ kọ́ afárá, kò ní wó àga náà palẹ̀. Yóò máa sún igi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí àga yóò fi di afárá. Olùkọ́ a máa sọ ìtàn tàbí kọ orin nípa ohun tí ọmọ kọ́. Lẹ́yìn ìjókòó, gbogbo wọn yóò dìde sí eré agbo, kí ara tí ó ti ganpa lè nà.

Ìfòfindè àti ikú rẹ̀

Ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́, Henriette Wilhelmine Hoffmeister, kú ní ọdún 1839. Ó fẹ́ Luise Levin ní ọdún 1851. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni ìjọba Prussia fòfin de Kindergarten, wọ́n ní ó ń tan ẹ̀kọ́ àìgba-Ọlọ́run-gbọ́ àti ti sósíálísíìmù kálẹ̀. Wọ́n ti ka ọ̀rọ̀ Karl Fröbel, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mọ́ ọn lọ́rùn. Fröbel kọ̀wé láti ṣàlàyé, kò sí ẹni tí ó gbọ́. Ó kú ní Marienthal lọ́dún kejì, nígbà tí òfin náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọdún 1860 ni wọ́n tó fà á yọ. Lórí ibojì rẹ̀ ní Schweina ni a gbé òkúta onírísí dáìsì, agolo àti bọ́ọ̀lù lé ara wọn.

Ohun tí àwọn ẹlòmíràn fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe

Bertha von Marenholtz-Bülow gbé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kiri ilẹ̀ Yúróòpù. Ní Amẹ́ríkà, Margarethe Schurz ṣí Kindergarten elédè Jámánì ní Watertown ní ọdún 1856, Elizabeth Peabody ṣí ti èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Boston ní 1860, Susan Blow sì mú un wọ ilé-ìwé ìjọba ní St. Louis ní 1873. Ìyá Frank Lloyd Wright rí àwọn ẹ̀bùn náà níbi ìpàtẹ ńlá Philadelphia ní ọdún 1876, ó sì rà wọ́n fún ọmọ rẹ̀, ẹni tí ó wá di ayàwòrán-ilé olókìkí.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ olùkọ́ sọ ètò náà di àṣẹ: gbogbo ọmọ a gbé igi kan náà síbi kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ìparí ọ̀rúndún 19, G. Stanley Hall fi ẹ̀sùn kan wọn pé àwọn iṣẹ́ wínníwínní bẹ́ẹ̀ ń ni ojú àti iṣan àwọn ọmọ lára. Ohun tí a dá sílẹ̀ láti sọ ara ọmọ jí ti wá ń dá kún àárẹ̀ rẹ̀. Anna Bryan ní Louisville yọ̀ǹda kí àwọn ọmọ fi igi náà kọ́ ohun tí ó wù wọ́n. Patty Smith Hill, tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, gé igi ńláńlá tí a ń lò lórí ilẹ̀, débi pé àwọn ọmọ lè kọ́ ilé tí wọn yóò wọ inú rẹ̀ ṣeré.