Dick Tiger, Òṣìṣẹ́ Ilé Ọ̀dà

Ọdún 1929 la bí Richard Ihetu, ọmọ Amaigbo ní ilẹ̀ Ígbò, tí ayé mọ̀ sí Dick Tiger. Nígbà tó dé Liverpool ní 1955, ilé iṣẹ́ ọ̀dà ló ń lọ lọ́sàn-án. Ara tó ti rẹ̀ ló ń gbé lọ fi kọ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn nírọ̀lẹ́. Ìjà mẹ́rin tó kọ́kọ́ jà níbẹ̀, ó fìdí rẹmi nínú gbogbo wọn. Èmi ì bá ti palẹ̀ ẹrù mọ́. Ó dúró.

Ní 1962, ó na Gene Fullmer, ó gba ìgbànú àgbáyé ti middleweight. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Fullmer wá bá a ní Ìbàdàn, tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde wa níbí. Kò lè jáde fún abala kẹjọ.

Ó gba ti light heavyweight náà ní 1966. Síbẹ̀, iṣẹ́ olùṣọ́ ni bàbá ọlọ́mọ mẹ́jọ yìí ń ṣe kẹ́yìn, ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní New York, kí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ tó dá a padà sílé. Aba ló kú sí, ní oṣù Kejìlá ọdún 1971, lẹ́ni ọdún 42.