Bíṣọ́ọ̀bù Akínyẹlé ti Ìbàdàn

Ní ọdún 1875, nígbà tí Ààrẹ Látòósà wà lórí oyè, tí ẹ̀rù Ìbàdàn sì ń ba ìlú púpọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ni a bí Alexander Babátúndé Akínyẹlé. Ọmọ ọdún méjì péré ni nígbà tí ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀, ó sì ti di géńdé kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká ní ọdún 1893. Ní gbogbo àkókò yìí, ogun ni ọ̀nà tí ó yá jù lọ tí ọmọkùnrin Ìbàdàn fi í dé ipò ọlá. Ẹni tí ó bá gbóyà lójú ogun, tí ó kó ẹrú bọ̀, tí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sì pọ̀, òun ni a ó fi joyè. Ní ọdún 1893 yìí kan náà ni àwọn ìjòyè Ìbàdàn tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ogun sì parí. Idà wọ inú àkọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ìlú kò wọ inú àkọ̀. Kí ni wọn yóò máa ṣe?

Josiah Akínyẹlé, baba Alexander, wà nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ gba ìgbàgbọ́ ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1853 ni Àlùfáà David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ ti fi ìdí kalẹ̀ sí Kúdẹ̀tì, tí wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé. Ẹ̀kọ́ náà dára níwọ̀n bí ó ti mọ. Ọmọ tí ó bá kọ́ ọ parí yóò mọ Yorùbá kà, yóò mọ ìṣirò díẹ̀, yóò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ju èyí lọ lè di olùkọ́ tàbí katikíìsì, nítorí pé ní ọdún 1896 ni Ẹgbẹ́ Míṣọ́n C.M.S. gbé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ wá sí Ọ̀yọ́, èyí tí a mọ̀ sí St. Andrew's. Ibẹ̀ ni ọ̀nà pin fún ẹni tí kò kúrò ní òkè odò.

Kì í ṣe pé Ìbàdàn kò mọ ohun tí ó ń jẹ́ rírin ìrìn-àjò nítorí ìmọ̀. Àwọn ààfáà ìlú náà ti ń lọ kéwú ní Ìlọrin tipẹ́, wọn a sì fi ọdún púpọ̀ jókòó ti olùkọ́ kan kí wọn tó padà wálé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ti ilé-kéwú yé ènìyàn: ẹni tí ó kọ́ ọ ni yóò sọ pé o mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀.

Àtẹ̀gùn mẹ́ta ni ó wà nínú ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọmọ tí ó bá fẹ́ dé òkè. Èkíní ni ilé-ẹ̀kọ́ kékeré. Èkejì ni ilé-ẹ̀kọ́ gírámà, níbi tí a ti ń fi Látìnì, Gíríìkì àti ìṣirò jinlẹ̀ sí ọmọ lágbárí fún ọdún púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni yunifásítì. Ohun tí ó sì máa ń rú àjèjì lójú jù lọ ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin kọ́lẹ́ẹ̀jì àti yunifásítì. Kọ́lẹ́ẹ̀jì lè ní olùkọ́ tí ó gbọ́n bí ifá, síbẹ̀ bí kò bá ní àṣẹ, kò lè fi ẹnikẹ́ni joyè ìmọ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn rí ní Ìbàdàn: mọ́gàjí kan lè ní agbo ilé tí ó tóbi ju ti ìjòyè lọ, ṣùgbọ́n kò lè fi ara rẹ̀ joyè; ọwọ́ àwọn tí ó ni oyè ni oyè wà.

Irú kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ́ẹ̀ ni Fourah Bay ní Freetown, ní ilẹ̀ Sàró. Ẹgbẹ́ C.M.S. ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1827, Àjàyí Crowther sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ jókòó níbẹ̀. Fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún ni ó fi ń kọ́ àwọn ọmọ adúláwọ̀ láìní oyè kan tí ó lè fún wọn. Ní ọdún 1876 ni Yunifásítì Durham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí òun pàápàá kò tíì pé àádọ́ta ọdún tí a dá a sílẹ̀, gbà láti so Fourah Bay mọ́ ara rẹ̀. Láti ìgbà náà wá, ọmọ tí ó bá jókòó ní Cline Town, níbi tí ilé kọ́lẹ́ẹ̀jì náà dojú kọ omi, lè ṣe ìdánwò Durham, kí ó sì gba oyè Durham, láìfi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí kò mọ ìdí ètò yìí lè rò pé oyè ayédèrú ni, tàbí pé a ti dín ìdánwò kù fún ọmọ adúláwọ̀. A kò dín in kù.

Ọ̀nà yìí ni Akínyẹlé gbà. Kò sí yunifásítì kan ní gbogbo ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí, owó tí yóò sì gbé ènìyàn dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí yóò sì bọ́ ọ níbẹ̀, kọjá agbára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé. Freetown súnmọ́ tòsí jù. Ó tún jẹ́ ibi tí ọmọ Yorùbá kò ti ní ṣe àjèjì pátápátá, nítorí àwọn Àkú, ìyẹn ọmọ àwọn Yorùbá tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lójú òkun, pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìnira ibẹ̀ kò kéré. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wọ Durham ti ń ka Látìnì láti kékeré. Ẹni tí ó ti ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́n ní Ìbàdàn wá fo àtẹ̀gùn kejì ni, ó sì ní láti kó gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀ jọ pọ̀ mọ́ ti ẹ̀kẹta. Akínyẹlé fara dà á títí ó fi yege. Òun ni ọmọ Ìbàdàn àkọ́kọ́ tí ó gba oyè yunifásítì.

Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, ìtàn náà ìbá tán síbẹ̀. Ẹni kan ṣoṣo tí ó ní oyè ìmọ̀ nínú ìlú ńlá kò lè ṣe aláìrí ọ̀wọ̀, ó sì rọrùn fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti fẹ́ kí ó máa jẹ́ òun nìkan títí. Ohun tí Akínyẹlé rí ni àtẹ̀gùn kejì tí kò sí. Èkó ti ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà láti ọdún 1859. Abẹ́òkúta dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1908, Ìjẹ̀bú-Òde sì ṣí tirẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1913. Ìbàdàn, tí ó pọ̀ ní ènìyàn jù wọ́n lọ, kò ní ẹyọ kan. Wesley College ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1905, ṣùgbọ́n olùkọ́ ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Bàbá tí ó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ gírámà ní láti rán an jáde kúrò nílùú.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1913, Akínyẹlé ṣí Ilé-Ẹ̀kọ́ Gírámà ti Ìbàdàn. Òkè-Ààrẹ, lápá Bẹẹrẹ, ni ilé-ẹ̀kọ́ náà wà, lórí òkè tí ó gba orúkọ rẹ̀ lára Ààrẹ Látòósà. Ibi tí wọ́n ti ń pète ogun nígbà tí a bí i ni ó ti wá ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Látìnì.

Àwọn òbí kò ya lù ú. Àgbẹ̀ tí ó ní oko kòkó béèrè ohun tí ọmọ òun yóò fi èdè àwọn tí wọ́n ti kú ṣe, nígbà tí ọwọ́ ń wọ́n lóko. Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Kì í ṣe èdè náà fúnra rẹ̀ ni èrè wà, bí kò ṣe ẹnu-ọ̀nà tí ó ń ṣí, èyí kò sì ṣe é fi han ẹni tí kò tíì rí ẹnu-ọ̀nà náà rí. Ogún ọdún ni Akínyẹlé fi jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà, tí àwọn ọmọ kan ń jáde tẹ̀lé òmíràn tí àwọn òbí fi ń rí i.

Àbùkù kan wà lára ètò yìí, kò sì yẹ kí a bò ó mọ́lẹ̀. Ìdánwò Durham kò bi ẹnikẹ́ni léèrè nípa Olúyọ̀lé tàbí Ìbíkúnlé. Ọmọ lè gun gbogbo àtẹ̀gùn náà dókè kí ó má mọ bí ìlú rẹ̀ ti ṣe dúró. Ní ti Akínyẹlé, kò rí bẹ́ẹ̀. Ó wà nínú Ẹgbẹ́ Àgbà-ò-tán, níbi tí àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú ti ń gbèrò lórí ìtàn àti ìlọsíwájú Ìbàdàn, Isaac Babalọlá àbúrò rẹ̀ ni ó sì kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn tí ó jáde ní ọdún 1911.

Ní ọdún 1933 ni wọ́n fi í ṣe bíṣọ́ọ̀bù olùrànlọ́wọ́, ó sì fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ní ọdún 1948 ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ètò tí Fourah Bay bá Durham ṣe ni wọ́n tún bá Yunifásítì London ṣe: Ìbàdàn ń kọ́ni, London ń fi oyè fúnni, títí ó fi di yunifásítì tí ó dá dúró ní ọdún 1962. Ní ọdún 1951 ni ilé-ẹ̀kọ́ gírámà kó kúrò ní Òkè-Ààrẹ lọ sí Mólété. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Akínyẹlé di Bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ fún Ìbàdàn, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Ní ọdún 1955, Isaac àbúrò rẹ̀ gorí oyè Olúbàdàn.

Ní ọdún 1943, ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Bọ́lá Ìgè wọ ilé-ẹ̀kọ́ tí Akínyẹlé dá sílẹ̀. Nígbà tí ó jáde níbẹ̀, kò wọkọ̀ òkun lọ sí Freetown. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì tí ó wà nílùú ni ó wọ̀, kí ó tó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní London. Akínyẹlé wà láàyè títí di ọdún 1968, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí èyí.