Ken Saro-Wiwa, òǹkọ̀wé tó dojú kọ àwọn elépo nítorí ilẹ̀ Ogoni

Bí wọ́n bá dárúkọ Ken Saro-Wiwa, igi tí ìjọba ológun Sani Abacha yẹ̀ fún un ní ọjọ́ 10, oṣù kọkànlá, ọdún 1995 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rántí. Ṣùgbọ́n ohun tí ọkùnrin náà béèrè kí ó tó kú kò ṣòroó ṣe: kí àwọn iléeṣẹ́ tó ń wa epo rọ̀bì ní ilẹ̀ Ogoni máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òyìnbó. Kí wọ́n ri ọ̀pá epo mọ́lẹ̀, kí wọ́n yé dáná sun gáàsì lẹ́bàá ilé ènìyàn, kí wọ́n sì palẹ̀ epo tó bá dà sílẹ̀ mọ́.

Ìlú Bori, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Rivers báyìí, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 10, oṣù kẹwàá, ọdún 1941. Olóyè Jim Wiwa ni bàbá rẹ̀. Ó lọ sí Government College ní Umuahia, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1965. Nígbà tí ogun abẹ́lé dé ní ọdún 1967, ẹ̀yìn ìjọba àpapọ̀ ló wà, nítorí ó gbà pé Biafra yóò gbé àwọn ẹ̀yà kéékèèké bíi tirẹ̀ mì. Wọ́n fi í ṣe alákòóso Bonny, èbúté tí epo ń gbà jáde. Lẹ́yìn náà ó di kọmíṣánnà ní Rivers, títí wọ́n fi yọ ọ́ nípò ní ọdún 1973.

Òwò ló yà sí, ó sì rí ṣe níbẹ̀. Ní ọdún 1985 ló gbé ìwé ìtàn Sozaboy jáde, èyí tó fi irú Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ènìyàn ń sọ ní ìgboro kọ. Ọdún yẹn kan náà ni eré Basi and Company bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ìjọba àpapọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà nígbà náà kò ní í gbàgbé Basi àti Òpópónà Adetola ní Èkó, níbi tí gbogbo wọn ti ń wá ọ̀nà àtidi olówó láìṣiṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbádùn ayé rẹ̀ ì bá dúró síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé kò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Láti ọdún 1968 ló ti ń kọ̀wé lórí ọjọ́ ọ̀la Ogoni. Ọdún 1958 ni Shell rí epo níbẹ̀. Àgbẹ̀ àti apẹja ni àwọn ènìyàn náà. Ọ̀pá epo gba inú oko àti ẹ̀yìnkùlé wọn kọjá lórí ilẹ̀ gbalasa, bí ó bá sì dípẹtà, yóò jò. Gáàsì a máa bá epo rọ̀bì jáde láti inú ilẹ̀. Níbi tí òfin bá ti múná, wọ́n á dá a padà sínú ilẹ̀ tàbí kí wọ́n tà á. Ní Ogoni, iná ni wọ́n ń sọ sí i tọ̀sán tòru. Ní ọdún 1970, kànga epo kan bú ní Bomu, epo sì bo oko àti odò. Bí epo bá ti wọ àárín igi ẹ̀gbà etí omi, ẹja àti ìsáwùrú di àwátì, owó obìnrin tó ń ṣà wọ́n tà sì parí nìyẹn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1990, àwọn àgbààgbà Ogoni fọwọ́ sí ìwé ẹ̀tọ́ wọn, ẹgbẹ́ MOSOP sì bẹ̀rẹ̀. Saro-Wiwa gbé ẹjọ́ náà dé iwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Geneva ní ọdún 1992. Ní ọjọ́ 4, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1993, nǹkan bí 300,000 ènìyàn, nínú ẹ̀yà tí kò ju nǹkan bí 500,000 lọ, jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ fi ẹ̀hónú hàn. Láàrin ọdún náà ni Shell kó kúrò ní Ogoni.

Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn ni MOSOP pinnu pé Ogoni kò ní í dìbò ààrẹ ti June 12. Ó ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti gbè é lẹ́yìn nínú èyí, bẹ́ẹ̀ ni kò dùn mọ́ àwọn kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Aṣáájú MOSOP, Garrick Leton, àti Edward Kobani tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ fi ipò sílẹ̀, àárín wọn kò sì gún mọ́.

Ní ọjọ́ 21, oṣù karùn-ún, ọdún 1994, àwọn jàǹdùkú pa Kobani àti ìjòyè mẹ́ta mìíràn ní Giokoo. Iṣẹ́ burúkú gbáà ni. Àwọn ológun ti dá Saro-Wiwa padà lójú ọ̀nà ní ọjọ́ náà, síbẹ̀ wọ́n mú un pé òun ló rán wọn níṣẹ́. Ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ pàtàkì kan, tí ọ̀gá ológun wà nínú rẹ̀ tí kò sì fàyè gba ìpẹ̀jọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ló gbọ́ ẹjọ́ náà. Gani Fawehinmi àti Femi Falana, tí wọ́n ń gbẹjọ́ wọn rò, yọ ara wọn kúrò nígbà tí wọ́n rí i pé ìdájọ́ ti wà nílẹ̀. Ẹlẹ́rìí ìjọba méjì búra pé owó ni wọ́n fi rà àwọn. Wọ́n yẹgi fún òun àti àwọn mẹ́jọ ní Port Harcourt, àjọ Commonwealth sì lé Nàìjíríà sẹ́yìn títí di ọdún 1999.

Ọdún 2011 ni ẹ̀rí tí kò ṣeé jiyàn sí dé. Ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká yẹ ibi tó lé ní 200 wò ní Ogoni. Bí Shell ti ń palẹ̀ mọ́ ni pé kí wọ́n tú ojú ilẹ̀, kí wọ́n fi ajílẹ̀ sí i, kí wọ́n sì máa lọ. Àwọn olùwádìí wá rí epo ní ibi tó jìn tó mítà 5 nísàlẹ̀. Nínú ibi 15 tí ìwé Shell ní wọ́n ti tún ṣe tán, 10 ṣì léwu ju bí òfin ti gbà lọ. Ní Nisisioken Ogale, nítòsí ọ̀pá epo NNPC, omi kànga tí àwọn ará ìlú ń mu ní èròjà benzene tó fi ìlọ́po 900 ju ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí. Wọn kò sì fi bò pé àwọn tó ń jí epo sè nínú igbó wà lára àwọn tó ń ba ilẹ̀ náà jẹ́. Ó lè gba ọdún 25 sí 30 kí ilẹ̀ àti omi náà tó padà bọ̀ sípò.

Shell ti san dọ́là mílíọ̀nù 15.5 ní ọdún 2009 láti parí ẹjọ́ tí àwọn ẹbí olóògbé pè ní New York, ṣùgbọ́n ó ní òun kò jẹ̀bi. Ìjọba àpapọ̀ ṣí iṣẹ́ ìmọ́tótó ilẹ̀ náà ní oṣù kẹfà ọdún 2016. Nígbà tó sì di ọjọ́ 12, oṣù kẹfà, ọdún 2025, ọjọ́ June 12 kan náà, Ààrẹ Tinubu dárí ji Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ náà, ó sì fi oyè orílẹ̀-èdè dá wọn lọ́lá. Àwọn kan kò tẹ́wọ́ gbà á tán. Ẹni tó bá ṣẹ̀ ni à ń dárí jì, wọ́n ní, kí ìjọba kúkú pa ìdájọ́ ọdún 1995 náà rẹ́.