Mary Mallon, Alásè Tí Ó Ń Gbé Àrùn Kiri Láìmọ̀

Obìnrin sígbọnlẹ̀ ni Mary Mallon, ara rẹ̀ le, ọwọ́ rẹ̀ sì dùn nínú ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan náà ni ó ń kó ibà táífọ́ọ̀dù ran àwọn tí ó ń sè fún.

Ní ọdún 1869 ni a bí i ní Cookstown, ní ilẹ̀ Írẹ́lándì. Kò tí ì pé ọmọ ogún ọdún tí ó fi kọjá òkun lọ sí Amẹ́ríkà láti wá iṣẹ́ oòjọ́, bí ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ ti ń ṣe. Nígbà tí ó yá, ó di alásè fún àwọn olówó New York, nítorí pé owó alásè pọ̀ ju ti ọmọ ọ̀dọ̀ lásán lọ.

Ní ọdún 1906, ènìyàn 6 nínú 11 dùbúlẹ̀ àìsàn táífọ́ọ̀dù nínú ilé kan ní Oyster Bay. Wọ́n bẹ George Soper, onímọ̀ ìmọ́tótó, pé kí ó wá ìdí rẹ̀. Ó yẹ omi wò, kò rí nǹkan. Nígbà tí ó tọpasẹ̀ alásè ilé náà, ó rí i pé nínú ìdílé 8 tí Mary ti sè fún, àrùn náà ti wọ 7. Nígbà tí ó bá a sọ̀rọ̀, ńṣe ni Mary yọ fọ́ọ̀kì ńlá sí i.

Kòkòrò táífọ́ọ̀dù lè máa gbé inú òróòro ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún láìṣe é ní nǹkan kan. Inú ìgbẹ́ ni ó ń bá jáde, ọwọ́ tí a kò fọ̀ dáadáa a sì gbé e wọ inú oúnjẹ. Iná a máa pa á. Áísíkiríìmù tí Mary gé èso tútù sí, tí kò kan iná, ni Soper fura sí.

Ní ọdún 1907, dókítà Josephine Baker pẹ̀lú àwọn ọlọ́pàá mú un, wọ́n sì sé e mọ́ erékùṣù North Brother. Mary kò gbà pé òun ń ṣàìsàn rí. Ní ọdún 1910 wọ́n tú u sílẹ̀ lẹ́yìn tí ó ṣèlérí pé òun kò ní dáná fún ẹlòmíràn mọ́. Iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ ni ó bọ́ sí, owó ibẹ̀ sì kéré. Ó yí orúkọ padà sí Brown, ó sì padà sídìí ààrò. Ní ọdún 1915, ènìyàn 25 kó àrùn náà ní ilé ìwòsàn àwọn aboyún kan tí ó ti ń dáná, 2 kú. Wọ́n dá a padà sí erékùṣù náà, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi kú ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 1938.

Mary jẹ̀bi nígbà kejì, nítorí pé a ti kìlọ̀ fún un. Ìjọba náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀bi, nítorí ọ̀pọ̀ ẹlòmíràn tí kòkòrò kan náà wà lára wọn ni a fi sílẹ̀ kí wọ́n máa rìn bí ó ti wù wọ́n.

Nígbà ayé rẹ̀, kò sí oògùn tí ó dájú pé yóò lé kòkòrò náà jáde. Lónìí, oògùn wà, abẹ́rẹ́ àjẹsára sì wà. Ẹni tí ó wà ní ìdálẹ̀, tí oúnjẹ rẹ̀ ń ti ọwọ́ ẹlòmíràn wá lójoojúmọ́, kò lè fi ojú lásán mọ ẹni tí kòkòrò ń bẹ lára rẹ̀. Kí alásè fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀, kí oúnjẹ sì jinná dáadáa kí a tó bù ú, èyí ni ààbò fún àti ẹni tí ń sè àti ẹni tí ń jẹ.